Ta ló ń kí bàbá yín?

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ kú òtútù. Àwọn ọmọ ti sùn, mo wà nínú yàrá kékeré mi ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, òjò ń ta sí fèrèsé. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn ohùn mi, òjò ni.

Mo ṣèlérí níjọ́sí pé màá sọ ibi tí mo bá iṣẹ́ dé lórí Ìránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ ọ́n: sọ́fíwìà tí mo ń kọ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tó ń bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kéde ìpàdé, tó ń rán èèyàn létí owó oṣù, tó ń kí ọlọ́jọ́ ìbí. Mi ò ní tún ìyẹn sọ. Àtúnṣe wà, ó sì pọ̀, àmọ́ orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ dá lé, mo sì ti ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Ó tó kí n sọ ọ́.

Ìránṣẹ́ kí olóògbé kú ọjọ́ ìbí.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni. Bàbá ọ̀hún, àgbà pàtàkì ni nínú ẹgbẹ́, ó ti tó oṣù mẹ́ta tá a ti sin wọ́n. Gbogbo wa la lọ, èmi gan-an bá wọn to àga. Fóònù bàbá wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, ìyàwó wọn, nínú àpò awọ dúdú kan tó ti bó létí. Màmá ò pa fóònù yẹn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé e síná. Kò dún látìgbà ìsìnkú. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló dún: "Ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí o, Bàbá. Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé."

Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn. Mo rántí alẹ́ tí mo kọ ọ́, inú mi dùn, mo ní mi ò fẹ́ kó gbẹ bí ìwé báńkì.

Màmá pè mí. Wọn ò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló ń kí bàbá yín?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Torí pé kò sẹ́ni tó ń kí wọn. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ yẹn, mo ń sùn, akọ̀wé ń sùn, alága ń sùn. Kò sí èèyàn kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kàn ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà." Wọ́n ní, "Mi ò bínú. Mo ní ta ni."

Ó dáa. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, màá sáré sọ ọ́. Orúkọ bàbá wà nínú ìwé orúkọ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú orúkọ tó ní ọ́ nínú, bíi Bọ́lá. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo fún ọ́, ṣe la máa ń tò ó pọ̀. Ẹnìkan á mú ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, á fi àmì òkè lé e: baìtì 5 nìyẹn nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ẹlòmíì á mú ó tó ti ní àmì òkè, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un: baìtì 4. Lójú tèmi tiyín, ọ́ ló ń jẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, àlejò ni wọ́n síra wọn, wọn ò bára wọn tan rárá. Láptọ́ọ̀pù ni wọ́n fi tẹ ìwé orúkọ àtijọ́, fóònù ni wọ́n fi tẹ tuntun. Nígbà tí bàbá papò dà, akọ̀wé kọ "olóògbé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Èkejì ṣì wà láàyè.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnìkan láàárín yín: "Bọ̀ọ̀dá, akọ̀wé ló jẹ̀bi, ó yẹ kó wò ó dáadáa." Rárá o. Mi ò gbà, mi ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ mọ ẹni tí akọ̀wé wa jẹ́? Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, àtàǹpàkò kan ni wọ́n fi ń tẹ fóònù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ọ á fi yọ, kí orúkọ ọlọ́rúkọ lè pé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ohun tí ojú èèyàn ò lè rí, èmi tó ń kọ kóòdù ló yẹ kí n rí i.

Ohùn kejì wá ń sọ pé: "Ẹ kúkú yọ àmì kúrò, gbogbo wàhálà yìí á tán." (Ẹ̀rín.) Ẹ rántí pé lọ́jọ́ orúkọ, àwọn àgbà á tọ́ oyin àti iyọ̀ wò, wọ́n á pe orúkọ náà síta ketekete, gbogbo ilé á sì pè é tẹ̀lé wọn. Ká wá dé Lọ́ńdọ̀nù ká bó o níhòòhò torí kọ̀ǹpútà? Ẹ kọ ọ̀ṣọ́ láìfàmì sí i, kẹ́ ẹ kọ oṣó láìfàmì sí i, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èwo ni ẹwà, èwo ni àjẹ́ ọkùnrin! Àjàyí Crowther tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ọdún 1843 ló tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Lọ́dún 1875, CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, pe ìpàdé sí Èkó lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Kò síná mànàmáná, wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn lórí lẹ́tà. Èmi wá ní ẹ̀rọ tó ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n ní àmì ti pọ̀ jù fún mi? Kò lè ṣẹlẹ̀.

Pàápàá torí pé ìlà kan péré ni àtúnṣe ẹ̀. NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ oríṣiríṣi ìkọ̀wé yẹn di ọ̀kan, ó wà nínú Python, èdè tá a fi ń kọ kóòdù, látọjọ́ pípẹ́. Ìlà kan. Mo kọ ọ́ tán, mo gbé orí lé tábìlì.

Mo tún fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kó má jẹ́ orúkọ la fi ń dá wọn mọ̀ mọ́. Ti aago náà ti tán: látọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá tí wọ́n ti dá aago padà níbí, àwọn ará ilé ní Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú wa, Ìránṣẹ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó parí.

Ẹnu-ọ̀nà ni mo fẹ́ sọ. Ìránṣẹ́ kì í dá ọ̀rọ̀ rán mọ́. Lálẹ́, á to gbogbo ohun tó fẹ́ rán lọ́jọ́ kejì síwájú akọ̀wé, kò sì ní lọ àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á sì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Alẹ́ àkọ́kọ́, akọ̀wé pè mí: "Ìránṣẹ́ rẹ ti dé o, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ kí èèyàn mẹ́ta, ṣé kí n jẹ́ kó lọ?" (Ẹ̀rín.) Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀rẹ́ mi kan táwa méjèèjì jọ ń kọ kóòdù ní mo ti ba iṣẹ́ jẹ́, pé bí èèyàn bá ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan nìyẹn. Ó dùn mí, torí ó mọ iṣẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́. Kíka orúkọ, wíwá ọjọ́, ríro owó, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Wákàtí méjì ni akọ̀wé ń lò tẹ́lẹ̀, ní báyìí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó kù ni pé kí ẹnìkan wo orúkọ kan kó rántí ojú ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń wí? Ẹ̀rọ ò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ ẹ ṣe rán an ló ń lọ. Nílé wa, bí àgbà bá kú, ṣé ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ yá jù ni wọ́n ń rán lọ túfọ̀? Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ni. Á jókòó, á bèèrè omi, á kọ́kọ́ wo ojú onílé. Ìṣẹ́jú márùn-ún akọ̀wé yẹn, wíwo ojú onílé ni. Mi ò ní mú un kúrò, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n mú un kúrò, kó lọ kọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Mo lọ kí màmá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé mo ti yọ nọ́ńbà bàbá kúrò pátápátá, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé. Fóònù ṣì wà níbẹ̀, wáyà wà lára ẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ta ló ní kó o yọ ọ́? Ìkíni yẹn ni kó o yọ. Ìpàdé, ẹ máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Mo fẹ́ kó máa dún."

Mo padà délé, mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Kóòdù mi ò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: kí ẹnìkan jẹ́ olóògbé, kí fóònù ẹ̀ sì máa gba ìkéde ìpàdé fún ẹlòmíì. Alẹ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, akọ̀wé tẹ̀ ẹ́. "Ìpàdé wa lọ́la, aago mẹ́ta." Orúkọ akọ̀wé wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, èsì wọlé láti orí nọ́ńbà bàbá: "Mo ti rí i. Màá wá."