Ẹ Gbé Fóònù Yẹn Sílẹ̀, Ẹ Fi Ẹnu Yín Kọrin Fọ́mọ

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ẹni mi. Orin tí abiyamọ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbé ọmọ dání bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, torí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn. Bí a ṣe ń pọ̀n ọmọ, bí a ṣe ń gbá ọ̀já kó má baà tú, ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣì í ṣe ni mo ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká gba inú oyún kọjá ná. Bí oyún bá ti ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, etí ọmọ ti ń gbọ́ nǹkan. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ìyá rẹ̀ ṣe ń lù kì-kì, kì-kì, ó ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ó ń gbọ́ bí ikùn ṣe ń kùn bí ebi bá ń pa ìyá. Ó sì ń gbọ́ ohùn ìyá. Ohùn tiyín gba ìta wọlé bíi ti gbogbo èèyàn, ó sì tún gba inú eegun àti ara yín dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ti bàbá, ìta nìkan ló ń gbà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ kì í dé ibẹ̀ ketekete o. Bí ohùn ṣe ń ròkè tó ń lọ sílẹ̀, bó ṣe ń yára tó ń falẹ̀, ìyẹn ló ń dé etí ọmọ. Kó tó dáyé, ó ti mọ orin yín.

Ẹ rò pé àsọdùn ni? Lọ́dún 1980, àwọn onímọ̀ méjì, Anthony DeCasper àti William Fifer, fi ọmú onírọ́bà sẹ́nu àwọn ìkókó tí wọn ò tíì ju ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ, ní Greensboro ní Amẹ́ríkà. Bí ìkókó bá fa ọmú náà lọ́nà kan, ẹ̀rọ á gbé ohùn ìyá rẹ̀ jáde. Bó bá fà á lọ́nà mìíràn, ohùn ìyá ẹlòmíì ni yóò gbọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí yí bí wọ́n ṣe ń fa ọmú padà, kí wọ́n ṣáà lè máa gbọ́ ìyá wọn? Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, tó jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ gan-an kò tíì gbà á dúró!

Ó yá, ibi tí mo ń lọ rèé. Ọmọ ń ké. Mi ò sọ ẹkún ṣákálá o, ẹkún tí ojú ń pọ́n, tí ara ń le, tí ẹsẹ̀ ń ta bọ́-ọ̀lù. Kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó rẹ ohùn sílẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí onílé. Ọmọ ò gbọ́ yín! Ariwo tirẹ̀ ti bo tiyín mọ́lẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó ní, "Orin ò ràn ọmọ tèmi." Irọ́ ni. Ọmọ wà lókè, ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, báwo lẹ ṣe máa pàdé?

Ẹ gbọ́ ọ o! IBI TÍ ỌMỌ WÀ NI KẸ́ Ẹ TI BẸ̀RẸ̀. Mo tún un sọ: IBI TÍ ỌMỌ WÀ!

Bí ẹkún rẹ̀ bá ń yára, kí orin yín yára. Bó bá ń pariwo, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀ kó lè ráyè wọ inú ẹkún náà. Ẹ máa fẹsẹ̀ jó o, ẹ máa rọra fọwọ́ gbá a nídìí, kí ọwọ́ àti orin jọ máa lọ. Ẹ ò ní pẹ́ rí i tó dánu dúró láti mí, tàbí tó yíjú sí yín bí ẹni pé, "Ta nìyí?" Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ orin. Orin kan náà, kó kàn falẹ̀ sí i. Ọwọ́ náà, kó falẹ̀. Kí ohùn wá máa lọ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ máa dín kù, títí ẹ ó fi máa kùn ún nínú imú lásán. Ẹ má kánjú níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá já a lu orin tó falẹ̀ lójijì, ẹkún á tún ru sókè.

Ṣé ẹ ti wo kọ̀ńdọ́kítọ̀ dáńfó rí, tó bá ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí mọ́tò ṣì ń lọ? Mo máa ń dúró wò wọ́n ní Ọjọ́ta. Kì í bọ́ sílẹ̀ kó dúró gbagidi. Bó bá dán an wò, imú ló máa fi gbálẹ̀. Ó máa ń bá mọ́tò sáré ni, eré mọ́tò ni eré ẹsẹ̀ tiẹ̀, kó tó wá dẹwọ́, kó tó dúró. Ọmọ tó ń ké, mọ́tò tó ń sáré ni. Ẹ bá a sáré ná!

Ọgbọ́n yìí ni Dókítà Ira Altshuler fi tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní nǹkan bí ọdún 1940 sókè: orin tó bá bí ara aláìsàn ṣe rí mu ni wọ́n máa kọ́kọ́ lò, wọ́n á wá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ò ka ìwé kankan nípa rẹ̀. Bí ọmọ bá fi igbe bọnu, oríkì ló máa fi pàdé rẹ̀: "Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ o!" Àlejò á rò pé ó ń bá ọmọ jà. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ, ẹ̀gbà ọwọ́ á máa dún ṣáún-ṣáún bá oríkì náà. Díẹ̀díẹ̀ ẹ̀gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Àjọkẹ́ bá fi máa di "Àjọ... kẹ́...", ọmọ ti ń tòògbé.

Ẹ wá lọ gbé fóònù tó ń kọrin tì í létí! Ṣé fóònù mọ ìgbà tí ọmọ dánu dúró? Ṣé ó lè dẹ ọwọ́? Onímọ̀ kan, Sandra Trehub, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba orin ìyá sílẹ̀ ní Kánádà: kó kọ ọ́ fọ́mọ, kó tún kọ orin kan náà nígbà tí ọmọ ò sí níbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ fi etí lásán mọ èyí tí ọmọ wà níbẹ̀. Ìfẹ́ wà nínú ohùn, ó ń gbọ́ sétí. Ẹ tún ro ti ariwo: níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ní kí ariwo má kọjá dẹ́síbẹ́lì 45, dẹ́síbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ wá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí? Ẹ jọ̀ọ́!

"Orin wo ni kí n kọ?" Èyí tí ẹ fẹ́ràn. Joanne Loewy tó ń fi orin tọ́jú aláìsàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lára ọmọ 272 tí oṣù wọn kò pé, ní ilé ìwòsàn 11 ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2013. Orin tí òbí fúnra rẹ̀ yàn ni wọ́n sọ di orin arẹmọlẹ́kún, wọ́n dín eré rẹ̀ kù. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, àwọn ọmọ fa oúnjẹ dáadáa, oúnjẹ tó wọ inú wọn sì pọ̀ sí i. Ara àwọn òbí pàápàá balẹ̀.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀, torí a kì í sábà bi ìyá ìkókó pé báwo ni ọkàn tirẹ̀. Ní London, àwọn onímọ̀ méjì, Daisy Fancourt àti Rosie Perkins, kó ìyá 134 jọ tí ìbànújẹ́ ti bò lẹ́yìn ìbímọ. Èsì wọn jáde lọ́dún 2018. Nínú àwọn tí tiwọn le díẹ̀ tàbí tó le gan-an, àwọn tó ń bá ọmọ wọn kọrin nínú ẹgbẹ́ ni ara wọn tètè yá ju àwọn tó ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Torí náà, bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ sì wá àwọn ìyá bíi tiyín kẹ́ ẹ jọ máa kọ ọ́. Ẹ má dá nìkan jókòó sínú yàrá.

Ohun kan ló kù. Orin kì í lé ibà lọ. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí ó kọ ọmú, tàbí tí ẹkún rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ kíá. Ẹ lè máa kọ ọ́ lọ lójú ọ̀nà.