Ọdún 111 Harry Patch: Púlọ́ńbà, Sọ́jà, Bàbá Ọmọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà kan ni mo bá wá sí ààrin yín lónìí.

Harry Patch ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1898 ní Combe Down, lẹ́bàá ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2009. Ìwé ìròyìn gbogbo ló kọ ọ́ pé òun ni ẹni ìkẹyìn nínú àwọn sọ́jà tó jà nínú yàrà, ìyẹn kòtò gígùn tí àwọn sọ́jà gbẹ́ láti fara pamọ́ sí, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò: nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló lò lójú ogun, ó sì lo nǹkan bí àádọ́ta ọdún nídìí iṣẹ́ púlọ́ńbà. Ó dùn mí pé oṣù mẹ́rin yẹn gbé gbogbo ìyókù mì.

Ẹ jẹ́ ká tibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá nínú fífi òkúta kọ́lé ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Harry pé ọmọ ọdún 15, ó lọ kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà. Iṣẹ́ náà láyé ìgbà yẹn kì í ṣe ti páìpù oníke tí à ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ báyìí. Òjé ni páìpù. Oníṣẹ́ á yọ́ òjé pọ̀ mọ́ tánńganran, á dà á sí ibi tí páìpù méjì ti pàdé, á wá fi aṣọ tó nípọn nù ún yípo nígbà tó ṣì gbóná, títí ojú rẹ̀ yóò fi dán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù tàbí tó bá falẹ̀ jù, omi ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilé gogoro Wills Memorial ní Bristol, èyí tí wọ́n ṣí ní 1925. Ilé náà ṣì dúró digbí dòní.

Oṣù kẹwàá ọdún 1916 ni ìjọba fi dandan mú un wọṣẹ́ sọ́jà. Nígbà tó di 1917, ó ti wà ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, láàrin ẹrẹ̀. Àwọn márùn-ún ló jọ wà nídìí ìbọn arọ̀jò-ọta kan. Wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn pé bí àwọn bá lè yẹra fún un, àwọn ò ní pa ènìyàn. Ẹsẹ̀ ni àwọn yóò máa yìnbọn sí. Ọmọ ọdún 19 ni Harry nígbà náà!

Lọ́jọ́ kan wọ́n bá sọ́jà ẹgbẹ́ wọn kan tí ara rẹ̀ ti fàya. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yìnbọn pa òun. Kí wọ́n tó yọ ìbọn, ó ké pe ìyá rẹ̀, ó sì kú. Harry Patch sọ pé igbe àìnírètí kọ́ ni, igbe ìyàlẹ́nu àti ayọ̀ ni. Àwa tí à ń ké "Yéè, ìyá mi o!" bí ẹsẹ̀ bá kàn kọ òkúta lásán, ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1917, àdó olóró kan bú gbàù lórí wọn. Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún náà kú lójú ẹsẹ̀. Irin bá Harry níkùn ìsàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló dì í mú nígbà tí dókítà ń yọ ọ́, nítorí kò sí oògùn tí yóò mú kí ara kú.

Ibi tó ti ń gbàtọ́jú ló ti pàdé Ada. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1919, wọ́n bí ọkùnrin méjì. Ó padà sídìí páìpù. Nígbà ogun Hítílà, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti sọ́jà, ló bá di panápaná ní Bath. Títí Ada fi kú ní 1976, kò sọ ọ̀rọ̀ yàrà yẹn fún un rí. Ọmọ méjèèjì náà kú ṣáájú rẹ̀. Bí a bá ń ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ara wa, a máa ń so ó mọ́ "kí ọmọ sin ọ́", mo sì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa nígbà tí mo ro ti bàbá yìí.

Ìgbà tó pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1998, ni àwọn oníròyìn wá bi í, tó sì sọ̀rọ̀. Bàbá kan wà ní ilé wa tó lọ jagun ní Bọ́mà, ilẹ̀ Éṣíà tí à ń pè ní Myanmar báyìí, nígbà ogun Hítílà. Káfíńtà ni. A mọ gbogbo àga tó kàn. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò bi í ní nǹkan kan, èmi náà ò bi í. Isaac Fadoyebo, sọ́jà kan, ọmọ Èmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí àgbẹ̀ kan fi pa mọ́ ní Bọ́mà fún oṣù mẹ́sàn-án, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú ní 2012. Mélòó ló rí ìyẹn ṣe?

Ní 2004, Harry Patch pàdé Charles Kuentz, tó jà fún Jámánì ní àgbègbè Ypres kan náà. Ẹni ọdún 106 àti ẹni ọdún 107. Kuentz gbé bisikíìtì ìlú rẹ̀ wá fún un. Harry fún un ní ìgò ọtí èso ápù Somerset. Ètò ìrántí àwọn tó kú lógun, ti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá tí gbogbo ìlú ń ṣe, eré ló kà á sí. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀, ọjọ́ àwọn mẹ́ta yẹn.

Nígbà ìsìnkú, wọ́n lu aago ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Wells ní ìgbà 111. Sọ́jà méjì méjì láti Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé àti Jámánì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ ẹnì kankan, nítorí ó ti ní òun ò fẹ́ ẹ. Wọ́n sin ín sí Monkton Combe, nítòsí àwọn òbí rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.