Bí ẹmọ́ òyìnbó yín bá kọ oúnjẹ: bí mo ṣe ń fi síríńjì bọ́ tèmi

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Parakin, níbi tí mo ti ń sin ẹmọ́ òyìnbó. Gínì píìgì làwọn ọmọ iléèwé ń pè é. Èyí tó wà lórí itan mi yìí, Àdùnní lorúkọ rẹ̀. Láti alẹ́ àná ni kò ti fẹnu kan koríko. Mi ò tíì mọ̀ bóyá yóò yè é. Ohun tí mò ń ṣe fún un gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mi ò fi dúró di ọ̀la. Ajá lè sùn mọ́jú láì jẹun, kó dìde kó máa sáré. Ẹmọ́ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfun rẹ̀ kì í sinmi. Koríko tó ń jẹ tọ̀sán-tòru ló ń tì í lọ. Bí koríko bá tán níbẹ̀, ìfun á dákẹ́, afẹ́fẹ́ á máa kún ikùn, ìrora á dé, ìrora ọ̀hún ni kò sì ní jẹ́ kó tún jẹun. Ara rẹ̀ á wá máa yọ́ ọ̀rá tó ti fi pamọ́, ọ̀rá yẹn á lọ bo ẹ̀dọ̀. Kò sì lè bì. Nítorí náà, bí wákàtí méjìlá bá ti kọjá tí kò jẹ nǹkan kan, síríńjì ti wà lọ́wọ́ mi.

Kí ẹ tó bọ́ ọ, ẹ wọ̀n ọ́n. Sìkéèlì kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà ni mo ń lò. Ẹ gbé abọ́ lé e, kí ẹ gbé ẹran sínú abọ́. Ẹ wò ó: 750 gíráàmù. Ní Sátidé tó kọjá, 820 ni mo kọ sínú ìwé mi. Ẹran tí kò tó kílò kan, tí 70 gíráàmù lọ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn.

Ìgbẹ́ rẹ̀ nìyí, mo ṣà á jọ sínú ọmọrí ike. Kò ju mẹ́fà lọ, ó gbẹ, ó sì kéré. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ ò lè ka ìgbẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ tán.

Ẹ wá fi ìka rọra tẹ ikùn. Ti Àdùnní rọ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ikùn bá le gbandi, tó ń dún bí ìlù tí ẹ bá fi ìka gbá a, ẹ má fún un lóúnjẹ rárá! Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Bákan náà ni èyí tó ń la ẹnu mí, èyí tó dùbúlẹ̀ gbalaja tí ara rẹ̀ tutù, tàbí èyí tó ń ké bó bá ń tọ̀. Òkúta lè wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ẹnu náà. Eyín ogún ló ní, gbogbo wọn ló sì ń hù títí ọjọ́ ikú. Ti iwájú nìkan ni èmi àti ẹ̀yin lè rí. Àwọn ti ẹ̀yìn lè gùn débi pé wọ́n á há ahọ́n mọ́lẹ̀. Bí itọ́ bá ń rin àgbọ̀n rẹ̀, tàbí tó ń sáré bá oúnjẹ, tó gbé e sẹ́nu tó tún jẹ́ kó bọ́, ẹ fura sí eyín. Dókítà ló lè gé e, kì í ṣe ọ̀bẹ ilé.

Etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù láàárọ̀ yìí, ni mo fi rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìfun ẹran tó tutù kì í ṣiṣẹ́. Lásìkò ooru ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ooru máa ń pa wọ́n kíákíá. Abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ gbé e sí nígbà náà.

Ó wá kan oúnjẹ. Oúnjẹ ehoro oníhóró ni mo lọ̀. Ṣíbí kan oúnjẹ, ṣíbí méjì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo fi í sílẹ̀ kó wú, mo wá fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Mo yọ abẹ́rẹ́ síríńjì dànù, mo gé ẹnu ike rẹ̀ díẹ̀ kí oúnjẹ lè gbà á jáde, mo sì fi sáńpépà gbo ó kó má baà ya á lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ògì tàbí mílíìkì bọ́ wọn, torí pé aláìsàn la ń fún ní ògì. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ògì kò ní ohun líle inú koríko tó ń ti ìfun, mílíìkì á sì da inú rẹ̀ rú. Oúnjẹ adìyẹ náà kò yẹ ẹ́: wọ́n máa ń po oògùn mọ́ òmíràn.

Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ mi. Mo fi aṣọ ìnura wé ara rẹ̀, orí nìkan ló yọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi dúró. Ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kó kọjú sókè bí ìgbà tí a ń rọ ọmọ lágbo. Oúnjẹ á gba ibi ẹ̀dọ̀fóró lọ. Lẹ́yìn eyín iwájú, àlàfo kan wà tí kò sí eyín. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ ki síríńjì bọ ibẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ìdajì mílílítà péré. Ẹ dúró. Ó ń jẹnu... ó gbé e mì. Ó yá, òmíràn. Bó bá ń jà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ má fipá tì í.

Bí 60 mílílítà ni mo ń ṣírò fún kílò kan lóòjọ́. Ti Àdùnní á jẹ́ 45. Mo pín in sí ìgbà mẹ́fà, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tòru-tòru. Mílílítà méje sí mẹ́jọ ni lẹ́ẹ̀kan. Omi ní síríńjì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bíi tàwa èèyàn, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámínì C fúnra rẹ̀. Bí kò bá jẹun, kíá ló ń tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta tábúlẹ́ẹ̀tì 100 mílígíráàmù ni mo ń lọ̀ fún un lóòjọ́. Inú síríńjì ni mo ń po ó sí, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú omi mímu. Bó bá ti ń jẹun padà, tàtàṣé tútù dára gan-an.

Ní ti oògùn, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, akọ mi kan ń sín. Mo ra amoxicillin, mo tú kápúsù náà sínú omi fún un. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ gbuuru dé, ó kú. Àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀ ni oògùn náà pa, àwọn tó ní májèlé wá gbilẹ̀. Ampicillin, pẹnisílíìnì, clindamycin, lincomycin, bákan náà ni wọ́n. Títí dòní, ó ṣì ń dùn mí. Oògùn ìrora àti ti kòkòrò tó bá a mu wà. Dókítà ni kó wọ̀n ọ́n fún un. Bó bá di pé ẹ ò rí ẹni tó mọ̀ nípa ehoro àti irú wọn nítòsí, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ gbé síríńjì àti oúnjẹ dání, kí ẹ lè máa bọ́ ọ lọ́nà.

Mo tún máa ń fi koríko tútù sí iwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, mo sì jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ wà nítòsí, nítorí bí wọ́n bá ń gbọ́ tí èkejì ń jẹ, àwọn náà lè fẹ́ tọ́ ọ wò. Mi ò ní dá síríńjì dúró títí yóò fi máa dá jẹun, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Aago méjì ọ̀sán ni oúnjẹ rẹ̀ tó kàn. Ẹ wo orí aṣọ mi! Ìgbẹ́ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ya yìí: ó gùn, ó sì tutù. Ẹ bá mi na bírò yẹn, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.