Iṣẹ́ olùtọ́jú àgbà tó ń gbé inú ilé: ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é láti àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tó ń tọ́jú àgbà, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní garde-malade ní Kétu níbí, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tí ẹ rí tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó gbà láti bá wa ṣe fídíò yìí. Màmá tí mò ń tọ́jú wà ní yàrá kejì. Mi ò ní yà wọ́n sí fídíò, bí àwọn ọmọ wọn tilẹ̀ fọwọ́ sí i, torí pé ara àgbà kì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri orí WhatsApp. Ẹ jẹ́ ká mọ èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀: ilé àgbà la wà. Àwọn ló ni ara wọn, àwọn ló ni owó wọn, àwọn ló ni ọ̀rọ̀ wọn. Àwa kàn wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ó yá, àárọ̀ ti mọ́. Ẹ kan ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn dáadáa. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ohùn wọn já gaara àti bóyá wọ́n dá yín mọ̀. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣe é gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ wo aago, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Dókítà máa bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtọ́jú àrùn rọpárọsẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má da omi tàbí àgbo sí wọn lẹ́nu. Ọ̀fun lè má gbé e mì, kó wá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí, níbi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti wò dáadáa. Àgbà tí kò lè dá yí ara wọn padà, àwa la máa yí wọn, ní wákàtí méjì-méjì, àyàfi tí dókítà bá sọ nǹkan mìíràn. Bí egungun bá tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè débẹ̀, ibẹ̀ á kú, á di egbò. Ẹ wo àwọn ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ibi tí egungun ẹ̀yìn parí sí lókè ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgbọ̀nwọ́, èjìká, àti ìpàkọ́. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ tan iná wo gbogbo wọn. Lára dúdú bíi tiwa, pípọ́n kì í tètè hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bó bá gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bó bá le, tàbí bó bá dúdú sí i, egbò ń bọ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òrí ra á kankan. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran tó ti rẹ̀ ni a tún ń fọ́. Ẹ má ká aṣọ bí òṣùká sábẹ́ ìdí wọn pẹ̀lú, etí òṣùká náà á tún tẹ ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n fara lé ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì.

Bí a ṣe ń yí wọn rèé. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn: “Màmá, mo fẹ́ yí yín sọ́dọ̀ mi o.” Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa kọjú sí. Ẹ gbé apá tó jìnnà sí yín lé àyà wọn, ẹ ṣẹ́ orúnkún tó jìnnà sí yín po sókè. Ọwọ́ yín kan ní èjìká, ìkejì ní ìbàdí, kí ẹ wá fà wọ́n mọ́ra, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má wọ́ wọn lórí aṣọ, awọ àgbà kì í pẹ́ bó. Ìrọ̀rí kan sí ẹ̀yìn, ọ̀kan sáàárín orúnkún, kí gìgísẹ̀ má sì kan bẹ́ẹ̀dì rárá.

Ìwẹ̀ ńkọ́? Ìró ni kí ẹ fi bo gbogbo ara, ibi tí ẹ ń wẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣí. Ohun tí wọ́n bá lè fọwọ́ ara wọn ṣe, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fún wọn ní kànìnkànìn, kí wọ́n fọ ojú àti abẹ́ wọn fúnra wọn. Á pẹ́ o. Ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Bí wọ́n bá ń jẹun, kí wọ́n jókòó gbọnrangandan, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Òǹgbẹ kì í gbẹ àgbà bó ṣe ń gbẹ ọ̀dọ́, nítorí náà ẹ má dúró kí wọ́n tó bèèrè omi, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Oògùn: èyí tí dókítà kọ, ní àkókò tó kọ ọ́, kì í ṣe oògùn ẹ̀bá títì. Alátọ̀gbẹ tó bá ń làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀. Bí kò bá tó 0,70 g/L (gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan), tí ó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà oníhóró mẹ́ta sómi fún un, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá gòkè, ilé ìwòsàn yá.

Ẹ ní ìwé kan. Oògùn tí ẹ lò, oúnjẹ, ìtọ̀, ìgbẹ́, gbogbo owó tí ẹ ná lọ́jà, ẹ kọ ọ́. Èyí tí ẹ kò ṣe, ẹ kọ pé ẹ kò ṣe é. Ẹ má gba kóòdù MoMo wọn, ìyẹn kóòdù owó orí fóònù, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fún yín. Ẹ má so àgbà mọ́lẹ̀, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àlejò tó bá ń wádìí àìsàn wọn, ẹ ní kó bi wọ́n fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó gbé àpò wọlé: iṣẹ́ tó jẹ́ tiyín, owó, àti ọmọ tí ẹ máa pè bí àìsàn bá dé lóru. Láti ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Benin jẹ́ 52.000 owó sẹ́fà. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 sì ní kí òṣìṣẹ́ máa sinmi fún wákàtí 24 léraléra lọ́sẹ̀. Ẹ bèèrè fún un. Ẹni tí kò sùn kò lè gbé àgbà láìjábọ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, ẹ má kàn gbé àpò lọ. Ẹ bá ẹni tó máa dúró fún yín ka ìwé náà, ẹ fi ibi tí oògùn wà hàn án, àti apá ibi tó ń dun Màmá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un wọlé lọ kí wọn, kí Màmá fẹnu ara wọn sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó ṣe é.