Gé Kábéèjì, Fi Í Sílẹ̀, Kó O Tó Gbé E Kaná

Ẹ wò ó, ẹni tó bá ń gba Tákìé kọjá lójoojúmọ́ níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀kadà ń tú èéfín, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn á délé, á fun imú, nǹkan dúdú ni yóò jáde. Oró kan tó ń jẹ́ benzene wà nínú èéfín yẹn, ojú ò sì lè rí i.

Lọ́dún 2014 ni àbájáde ìwádìí kan jáde láti Qidong, ní Ṣáínà. Èèyàn 291 ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 làwọn kan nínú wọn fi mu omi èéhù broccoli, ọmọ ìyá kábéèjì. Benzene tó ń bá ìtọ̀ wọn jáde fi ìdá 61 nínú 100 ju ti àwọn tí kò mu ún lọ. Èròjà kan tí wọ́n ń rí lára broccoli, tó ń jẹ́ sulforaphane, ló ṣe é: ó ń jí àwọn èròjà inú ara tó ń lé oró síta.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í rèé o. Sulforaphane ò sí nínú broccoli tí ẹ ò tíì gé. Ṣẹ́ ẹ gbọ́? KÒ SÍ NÍBẸ̀! Ẹ wo àlùbọ́sà. Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀ látàárọ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Ẹ fi ọ̀bẹ kàn án, omijé dé. Nǹkan méjì ló ń gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀bẹ ló wó ògiri àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni broccoli àti kábéèjì: ìgbà tí nǹkan méjì inú wọn bá pàdé ni sulforaphane tó ń jáde. Iná sì máa ń pa ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ wá ń gé e sínú omi tó ń hó! Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ pàdé?

Ẹ GÉ E WẸ́WẸ́. Ẹ FI SÍLẸ̀ FÚN ÌṢẸ́JÚ 40. Ìgbà yẹn lẹ tó gbé e kaná.

Broccoli ló ní in jù. Ti kábéèjì kéré, mòríńgà sì ní ìbátan rẹ̀. Ìyá mi àgbà ní igi mòríńgà lẹ́yìnkùlé. Gààrí ni wọ́n ń yan, igi ni wọ́n fi ń dáná, mo ṣì ń gbọ́ ikọ́ tí wọ́n máa ń wú lóru. Odindi la máa ń se ewé yẹn, títí á fi dúdú. Ó ń dùn mí.

Ìtọ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò ní Qidong o, wọn ò sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni san. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹ má ju ínhélà yín nù! Ẹni tó ń dáná igi, ẹ gbé ààrò síta.

Èmi máa ń gé kábéèjì tèmi sórí àtẹ kí n tó gbé ata lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Tí mo bá fi máa dé, òórùn ẹ̀ á ti yàtọ̀, á máa ta imú díẹ̀díẹ̀.