Lẹ́tà Kékeré Tó Wà ní Igun X-ray

Ẹ fojú inú wo X-ray àyà kan. Ẹ fi ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ ná, ẹ gbójú lọ sí igun òkè lọ́hùn-ún, níbi tí lẹ́tà funfun kékeré yẹn wà. Irin ni o. Ẹni tó ń ya X-ray ló ń fi í síbẹ̀ kí dókítà lè mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Irin yìí wà lára ohun tó tú àṣírí AI kan.

Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fi X-ray mọ ẹni tí òtútù àyà ń ṣe. Àwòrán tí wọ́n kó jọ lé ní 158,000. Mount Sinai ní New York, ilé ìwòsàn NIH ní Maryland àti àwọn ilé ìwòsàn Yunifásítì Indiana ló ti wá. Tí wọ́n bá fi àwòrán ilé ìwòsàn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ dán an wò, á máa gbà á bí ẹni ń mumi. Tí wọ́n bá gbé tibòmíì síwájú rẹ̀, á máa kọsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ló dé? Wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà lè fi àwòrán lásán mọ ilé ìwòsàn tó ti wá. Tó bá jẹ́ ti Mount Sinai tàbí NIH, bóyá ló ń ṣi ju bíi márùn-ún lọ nínú 10,000. Igun tí irin yẹn ń wà, ó ń wò ó dáadáa.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: ní Mount Sinai, nínú 100 àwòrán, bíi 34 ló ní òtútù àyà. Ní NIH, bí ẹyọ kan péré ni. Ẹni tó bá ti mọ ilé ìwòsàn, kí ló tún fẹ́ fi ẹ̀dọ̀fóró ṣe? Bí ọmọ tó ń wo ojú tíṣà kó tó dáhùn ni. Èmi ò tiẹ̀ bá ẹ̀rọ náà wí: máàkì ni wọ́n ní kó gbà, ó sì gbà á.

Nítorí náà, bí oníṣòwò kan bá gbé irú ẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn yín, tó ní ó gba 95 nínú 100, ẹ bi í pé: níbo lẹ ti dán an wò? Ẹ kó X-ray tiyín fún ẹ̀rọ náà, èyí tí kò rí rí, tí ẹ̀yin sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bo igun tí lẹ́tà náà wà, kí ẹ tún bi ẹ̀rọ náà.