Ìsinmi Oògùn àti Bàbá Ìsàlẹ̀

MOJÍ: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi Mojí rèé, Bọ̀ọ̀dá Dèjì nìyẹn lójú fídíò. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ni bí ẹni tó ń lo oògùn ADHD, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọkàn èèyàn dúró sójú kan, ṣe lè ṣètò láti fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìyẹn ìsinmi oògùn. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀...

DÈJÌ: Ó ti bẹ̀rẹ̀.

MOJÍ: Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó ń gbọ́ wa ò tíì gbọ́. Sátidé tó kọjá, mo jí, mo wo ike oògùn, mo ní lónìí yìí, mi ò lò ó. Kò síṣẹ́, kò sí ìpàdé, kò sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan. Mo dí ihò síǹkì, mo ṣí omi sí i, mo fẹ́ fọ kọ́tìnì. Omi ń dà. Mo ní kí n lọ mú ọṣẹ. Ọṣẹ wà nínú àpótí tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀, mo rí ṣájà tí mo ti ń wá látọdún tó kọjá. Ṣájà yẹn lọ́ mọ́ àwọn wáyà mìíràn. Bọ̀ọ̀dá Dèjì, mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to wáyà.

DÈJÌ: Ní àwọ̀ ní àwọ̀.

MOJÍ: Ní àwọ̀ ní àwọ̀! Dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Inú mi ń dùn, mò ń kọrin. Ìgbà tó yá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo dìde, mo gba iwájú kíṣìnì kọjá, ìbọ̀sẹ̀ mi mu omi fọ́ọ́. Mi ò tíì mọ̀ pé omi ni o, mo kàn rí i pé ẹsẹ̀ mi tutù. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá tó ń gbé abẹ́ mi ló dúró síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ oorun. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé korobá kékeré kan, omi wà nínú ẹ̀, ó rọra gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan lókè níbí?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́! Ká ní ó pariwo ni, èmi náà ì bá pariwo, ká jọ parí ẹ̀ síbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo ti ń gbọ́ ọ lójú oorun.

DÈJÌ: Bàbá Ìsàlẹ̀.

MOJÍ: Ẹ yé é pè é bẹ́ẹ̀.

DÈJÌ: Bàbá ni, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Kí ni kí n wá pè é? Òun ló ń gbé ìsàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ lo wà lábẹ́ ẹ̀ báyìí. Tí ìbò bá dé, á sọ ibi tí wàá tẹ̀ka sí.

MOJÍ: (ẹ̀rín) Ẹ má pa mí. Lẹ́tà ti wọlé nítorí àjà ilé ẹ̀ o. Ẹ ṣá mọ irú lẹ́tà tí mò ń sọ.

DÈJÌ: Mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n fi "a kẹ́dùn" bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ òótọ́ fún ẹ, ohun tó o ṣe yẹn kì í ṣe ìsinmi oògùn. Ó kàn wù ẹ́ ni. Ìsinmi oògùn ní ìdí, ó lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ́jọ́ tó parí, ẹni tó kọ oògùn fún ẹ sì mọ̀ sí i.

MOJÍ: Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń tàn wá. Oògùn tèmi yìí, methylphenidate, kì í pẹ́ lára. Oríṣi tó kúrú, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti lọ. Èyí tó gùn tí mò ń lò, bíi wákàtí 12. Èèyàn á lò ó láàárọ̀, tó bá fi máa dalẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe irú èyí tó ń kó ara jọ lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Torí ẹ̀ ni èèyàn ṣe lè fo Sátidé àti Sọ́ńdè, kó padà sí i ní Mọ́ńdè, kó dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó wá ń ṣe èèyàn bíi pé súìṣì ni: tàn án, pa á.

DÈJÌ: Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ dáadáa, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Atomoxetine, oògùn ADHD mìíràn, ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jọ ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń fò ó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ńṣe ló ń mọlé tó tún ń wó o. Guanfacine àti clonidine, tí wọ́n tún ń lò fún ADHD, tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá já wọn sílẹ̀ lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè fò sókè, kí àyà máa lù kìkì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín ìyẹn kù, dókítà ló sì ń darí ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ Mojí kó lọ gba wíkẹ́ńdì fún guanfacine o.

MOJÍ: Ta ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi kó lọ ṣe nǹkan kan? Ẹ̀yin náà ẹ wò mí! Ó dáa, ẹ mọ̀ pé orúkọ ìyàwó èèyàn ló wà lára Ritalin?

DÈJÌ: Mojí, ọ̀rọ̀ ìfúnpá la wà lẹ́nu ẹ̀.

MOJÍ: Ìfúnpá náà wà nínú ẹ̀! Leandro Panizzon lorúkọ ọkùnrin náà, onímọ̀ kẹ́míkà ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ciba ní Switzerland. Ní 1944 ló kọ́kọ́ ṣe methylphenidate. Marguerite lorúkọ ìyàwó ẹ̀, Rita ni wọ́n ń pè é. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí máa ń lọ sílẹ̀, ló bá ń lo oògùn ọkọ ẹ̀ kó tó lọ gbá tẹ́níìsì. Ni wọ́n bá sọ oògùn ní Ritalin. Ìfẹ́ nìyẹn o! Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti fi sọrí ìyàwó yín?

DÈJÌ: Ìyàwó mi máa ń gbọ́ ètò yìí o. Má dá wàhálà sílẹ̀. Mo ti fi í ṣe password Wi-Fi.

MOJÍ: Bọ̀ọ̀dá Dèjì! Ẹ ti sọ password yín lórí afẹ́fẹ́!

DÈJÌ: (ẹ̀rín) Yọ ọ́ kúrò. Mojí, mo bẹ̀ ẹ́, yọ ọ́ kúrò nígbà tó o bá ń gé e.

MOJÍ: Mi ò yọ nǹkan kan. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà máa ń fún ọmọ yín tó ń lo oògùn ADHD ní ìsinmi tó bá ti di hólídé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò yé mi. ADHD kì í bá iléèwé tìpa. Ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ń fò lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní kíláàsì, òun náà ló wà ní pápá lọ́jọ́ Sátidé, òun ló fẹ́ sọdá títì. Tí ẹ bá ní iléèwé nìkan ni oògùn wà fún, olùkọ́ lẹ̀ ń wòsàn, kì í ṣọmọ. Ìsinmi taa gan-an ni, tọmọ àbí tiyín?

DÈJÌ: Ṣọ́ra.

MOJÍ: Mò ń béèrè ni o.

DÈJÌ: O ò béèrè, o ti dájọ́. Ìwọ lo rí ọmọ náà lórí ìwọ̀n ni? Oṣù mẹ́jọ gbáko, ìwọ̀n ẹ̀ ò kúrò lójú kan. Nọ́ọ̀sì yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi, ó fi ìlà ìdàgbàsókè ẹ̀ hàn mí. Ìlà yẹn ń gòkè, ń gòkè, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé ẹnì kan fi rúlà fà á. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 2018, sọ ọ́: tí oògùn bá ń dí ìdàgbà ọmọ lọ́wọ́ gidi, ẹ lè ronú nípa ìsinmi nígbà hólídé kó lè bá ẹgbẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ sinmi.

MOJÍ: Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá lórí ìtọ́jú ADHD tí wọ́n ń pè ní MTA, tí wọ́n fi ọmọ 579 ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí àbájáde ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1999: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó lò ó láìdáwọ́ dúró fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà méjì kúrú ju àwọn tí kò lò ó. Sẹ̀ntímítà méjì! Bàtà á bò ó mọ́lẹ̀.

DÈJÌ: Mojí, kì í ṣe sẹ̀ntímítà. Ọjọ́ kẹta tó fi í sílẹ̀, lóru, mo gbọ́ ìró ní kíṣìnì. Mo rò pé olè ni. Ọmọ mi ni. Ó jókòó nínú òkùnkùn, iná fírììjì nìkan ló mọ́lẹ̀ sí i lójú, ó ń jẹun. Ó ní, "Dádì, ebi ń pa mí." Ọmọ tí a máa ń bẹ̀! Mo fà àga, mo jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò lè sọ nǹkan kan.

MOJÍ: ...Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí.

DÈJÌ: O ò jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ ni.

MOJÍ: (ẹ̀rín) Òótọ́ ni. Ẹ má bínú.

DÈJÌ: Ìwọ náà ò jẹ̀bi tán. Hólídé tó kọjá, òun fúnra ẹ̀ ló wá bá mi pé ọjọ́ tóun bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, òun fẹ́ lo oògùn òun. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bínú, òun kì í dúró de bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 11. Gbogbo ìgbà tá a ti ń ṣètò yìí, a ò bi í léèrè rí. Dókítà gbà bẹ́ẹ̀: ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ó lò ó. Ọjọ́ ilé, ó sinmi.

MOJÍ: Ẹ ò rí i! Ọmọ yẹn lọ́gbọ́n jù wá lọ. Ó ti mọ ọjọ́ tó nílò ẹ̀. Èmi tí mo ti dàgbà, mi ò mọ̀ pé kọ́tìnì fífọ̀ nílò ẹ̀.

DÈJÌ: Kí ló dé gan-an tó o fi fi í sílẹ̀? Fi wáyà sílẹ̀. Òótọ́.

MOJÍ: Mọ́mì mi ni. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń pè, wọn ò wo aago. "Ṣó o ṣì ń lo oògùn yẹn? Ìgbà wo ló máa tán?" Bíi pé ibà ni. Mo ti mọ́ra. Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá, mo gbàgbé láti lò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n pè, a sọ̀rọ̀ títí, a rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹ báyìí." Bọ̀ọ̀dá Dèjì, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Torí òótọ́ ni. Tí mo bá lò ó, mo máa ń ṣiṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n mo máa ń rí pẹrẹsẹ, bí ìlà nọ́ọ̀sì yẹn.

DÈJÌ: Ṣé o ti sọ ìyẹn fún dókítà?

MOJÍ: Dókítà wo? Ẹ mọ iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá fún mi?

DÈJÌ: Mo mọ̀. Síbẹ̀, sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n oògùn ló pọ̀ jù fún ẹ, ó lè jẹ́ pé òmíràn ló bá ẹ lára mu. Téèyàn bá ń rí pẹrẹsẹ, wọ́n lè tún un ṣe láìjẹ́ pé o ń fò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ló yẹ kí wọ́n tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o ṣì nílò ẹ̀. Ìsinmi tí ẹ bá jọ ṣètò lè wà lára àyẹ̀wò yẹn. Ní Netherlands, wọ́n kó ọmọ 94 tí wọ́n ti ń lo methylphenidate ju ọdún méjì lọ. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lò ó lọ, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọ̀sẹ̀ méje. Nínú àwọn tí kò rí oògùn gidi lò, nǹkan burú sí i fún bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

MOJÍ: 40! Ẹ gbọ́ o!

DÈJÌ: Kò burú sí i fún 60.

MOJÍ: Ó burú fún 40!

DÈJÌ: Àwọn tó ń lò ó lọ pàápàá, ó burú fún bíi 16.

MOJÍ: Ẹ̀yin ẹ máa ka tiyín, kí n máa ka tèmi. Ṣáà sọ fún mi, nínú 60 yẹn, mélòó ló ní Bàbá Ìsàlẹ̀?

DÈJÌ: (ẹ̀rín) Ìwádìí ò débẹ̀ yẹn.

MOJÍ: Ó dáa. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Tí dókítà bá gbà, ọjọ́ méjì, mi ò ní wakọ̀, mi ò ní fọ nǹkan kan. Mo máa kọ bí oorun mi ṣe rí, bí oúnjẹ ṣe ń wù mí, bóyá mo rẹ́rìn-ín. Mo sì fẹ́ fún bàbá yẹn ní kọ́kọ́rọ́ mi kan, nítorí ọjọ́ mìíràn.

DÈJÌ: Kọ́kọ́rọ́ ìkeje! Ìkẹfà ńkọ́?

MOJÍ: Ó wà nínú fírììjì, ẹ má dá mi lóhùn. Kí n sì tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, korobá ẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

DÈJÌ: Láti Sátidé?

MOJÍ: Mo ti kó wáyà sínú ẹ̀.

DÈJÌ: Mojí! Lọ dá a padà. Báyìí. Mo máa dúró.

MOJÍ: Báyìí, báyìí? Ó dáa, ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, mò ń bọ̀.

DÈJÌ: Ẹ̀yin èèyàn wa, ó ti lọ o. Ó da wáyà sílẹ̀ gbàràgàdà, ó gbé korobá. Ó sọ fún mi ká tó bẹ̀rẹ̀ pé aago méje àárọ̀ lòun lo oògùn òun. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la wà yìí... ẹ bá mi ṣírò. Ẹ dúró o. Kí ni mò ń wò lórí tábìlì yẹn? Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ sì máa ń ti ara ẹ̀ pa ni. Mojí? Mojí o!